Ìpara Tí Kì í Kánjú

Sún mọ́ mi, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo rẹ̀ lẹ́nu géètì. Mo mọ ìdí tí o fi ń wọ bùbá alápá gígùn nínú oòrùn oṣù kẹta. Mo mọ ìdí tí o kì í fi í tú gèlè lẹ́yìn òde, nígbà tí gbogbo àwa yòókù bá ti ju tiwa sórí àga. Mo mọ̀, nítorí èmi náà bo tèmi mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko ní àdúgbò Omole yìí, kí n tó mọ orúkọ ohun tó ń bá mi fínra.

Ìgbọ̀nwọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ibẹ̀ nípọn, ó dúdú mọ́ àwọ̀ àlùkò, ìpẹ́ funfun sì bò ó bí ara ẹja tí ẹnikẹ́ni kò tíì ha. Bí mo bá họ ọ́ báyìí, ìpẹ́ á máa dà sórí ìró mi bí ìyẹ̀fun. Nígbà tó yá, ó dé orúnkún, ó gba ẹ̀yìn etí wọ inú irun. Lọ́jọ́ kan, nínú dánfó tó ń lọ láti Berger sí Ikeja, ìyá kan tó jókòó tì mí rí apá mi bí mo ṣe na owó sí kọ̀ńdọ́. Ó rọra gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lórí itan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e sí èkejì. Kò bú mi, kò sì pòṣé. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Allen, omi ti ń bọ́ lójú mi.

Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni. Ẹni tó ń ta oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní làpálàpá ni. Mo ra ìpara kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n po oògùn làpálàpá, oògùn apakòkòrò àti sítẹ́rọ́ìdì líle pọ̀ sínú túùbù kan. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, ara mi ti ń dán. Inú mi dùn débi pé mo ra méjìlá pamọ́. N kò mọ̀ pé gbèsè ni mo ń jẹ. Bí mo bá ti dáwọ́ dúró, ohun náà á padà dé, á sì kó ẹbí rẹ̀ lẹ́yìn wá. Nígbà tó fi máa tó ọdún kan àbọ̀, awọ ìgbọ̀nwọ́ mi ti fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó ti la ilà bí ikùn abiyamọ, ó sì pupa ju ara tó kù lọ.

Irú túùbù yẹn wà nínú báàgì rẹ bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o jókòó.

Orúkọ tó ń jẹ́

Psoriasis ni dókítà awọ ara pè é. Kì í ṣe làpálàpá, kì í ṣe kúrúnà, kì í sì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á, nítorí náà kò sí bí o ṣe lè kó o ran ọkọ, ọmọ tàbí ẹni tó bá jókòó tì ọ́ nínú mọ́tò. Bí o bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ lónìí, má gbàgbé ìyẹn.

Wo ilé búrẹ́dì kan ní Agége. Ìyẹ̀fun tí wọ́n pò gbọ́dọ̀ wú, kó wọ ààrò, kó jinná, kó tó dé ọwọ́ àwọn tó ń rù ú kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni awọ ara wa ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. Sẹ́ẹ̀lì tuntun máa ń hù nísàlẹ̀, á máa gòkè bọ̀, á dàgbà, á sì re dànù lójú awọ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 28. Nínú psoriasis, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò á kọjú sí awọ, wọ́n á máa lé e níré láìnídìí. Ìrìn oṣù kan á wá di ìrìn ọjọ́ 3 sí 5. Búrẹ́dì tí kò jinná á máa gun orí ara wọn, kò ní sí ẹni tó máa rí àyè kó wọn. Òun ni ìpẹ́ tí ò ń gbọ̀n kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2016 pé, ó kéré tán, 100 mílíọ̀nù ènìyàn ló ń bá a yí káàkiri ayé. Lóṣù karùn-ún ọdún 2014 ni ìpàdé gbogbogbòò àjọ náà ti fẹnu kò pé àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, tí kì í ràn, tó ń dunni, tó sì ń ba ara jẹ́. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí, kò wọ́pọ̀ tó ti ìlà-oòrùn. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò kò fi mọ̀ ọ́n. Àwòrán inú ìwé ìṣègùn pàápàá kì í sábà ràn wá lọ́wọ́: lára àwọn òyìnbó ó máa ń pọ́n, lára tiwa ó lè dà bí eérú, bí àlùkò, tàbí kó kàn dúdú kirikiri.

Ó máa ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Èmi ṣì ń gbàdúrà o, àbúrò mi, n kò ní kí o má gbà á. Ṣùgbọ́n má tìtorí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ayé bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò tó ń bá ọ bu omi. Kò sì sí oògùn tó ń lé e lọ ráúráú títí ayé. Ẹni tó bá ṣèlérí ìyẹn fún ọ, owó rẹ ló ń wò. Ohun tó wà ni ìtọ́jú tó lè mú un sùn, kó sì sùn pẹ́.

Bí fítámìnì D ṣe di ìpara

Ìpara tó gbà mí ń jẹ́ calcipotriol. Calcipotriene ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, nǹkan kan náà ni. Ọmọ ìyá fítámìnì D ni, ìyẹn fítámìnì tí awọ wa fúnra rẹ̀ máa ń ṣe nígbà tí oòrùn bá ta sí i.

Ojú ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ti pàdé iṣẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Japan, wọ́n ń fún aláìsàn kan tí egungun rẹ̀ ti di ẹlẹgẹ́ ní irú fítámìnì D kan. Egungun ni wọ́n ń tọ́jú, àmọ́ psoriasis tó wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa rẹ́. Àwọn dókítà Morimoto àti Kumahara kọ ìròyìn náà jáde ní Osaka lọ́dún 1985. Ìṣòro kan wà nínú rẹ̀: fítámìnì D tó bá pọ̀ lápọ̀jù máa ń gbé kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ilé iṣẹ́ LEO Pharma ní Denmark ló wá ṣe calcipotriol. Ibi tí fítámìnì D ń dì mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì awọ ni òun náà ń dì mọ́, àmọ́ agbára tó ní láti gbé kálísíọ̀mù sókè kò tó ìdá kan nínú 100. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló bọ́ sí ọjà ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1993. Ní 2021, WHO fi í sínú ìwé àwọn oògùn tó ṣe kókó, èyí tó yẹ kí aráàlú máa rí rà níbi gbogbo.

Jẹ́ ká padà sí ilé búrẹ́dì wa. Calcipotriol ni ọ̀gá tó wọlé dé, tó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rọra, kí búrẹ́dì jinná kó tó jáde. Ó ń dẹ́kun ìkánjú sẹ́ẹ̀lì, ó ń jẹ́ kí wọ́n dàgbà bó ti yẹ, ó sì ń pa àwọn ọmọ ogun tó ń dà wọ́n láàmú lẹ́nu mọ́. Kì í bó ara, kì í sì í fẹ́ awọ lẹ́lẹ́ bíi ti sítẹ́rọ́ìdì. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìtọ́sọ́nà ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ń gba àkókò.

Má wá tìtorí pé fítámìnì D ni lọ máa gbé oníhóró mì ní ẹ̀kúnwọ́-ẹ̀kúnwọ́. Ìyẹn kò ní ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì lè gbé kálísíọ̀mù rẹ sókè. Má sì lọ na ara sílẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tí ò ń lo ìpara náà.

Bí mo ṣe ń lò ó

Kí o tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí dókítà awọ ara wo ara rẹ, kó fi orúkọ gidi pe ohun tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni o lè wá gbọ́ bí èmi ṣe ń ṣe tèmi.

Omi tó lọ́ wọ́rọ́ ni mo fi ń wẹ̀. Mo ti fi kànhìnkàn líle sílẹ̀ fún àwọn tí ara wọn gbà á. Awọ ẹni tó ní psoriasis kì í fẹ́ kí a ha òun: ibi tí o bá fi agbára họ tàbí tí o bá dá egbò sí, ibẹ̀ gan-an ni òmíràn lè ti yọ. Dókítà ará Jámánì kan, Heinrich Köbner, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí láàárín àwọn ọdún 1870, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o yé fi òkúta ìfọsẹ̀ ha orúnkún rẹ. Ìpẹ́ tí o fi tipátipá ṣí á padà ní ìlọ́po.

Bí mo bá ti wẹ̀ tán, mo máa ń fi aṣọ ìnura tẹ ara gbẹ ni, n kì í fi í nù ún gbaragbara. Mo máa ń fi òrí tàbí ìpara olómi tí kò ní òórùn pa gbogbo ara, kí awọ lè rọ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, tí ìyẹn ti wọlé, ni mo máa ń mú calcipotriol.

Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn láti kọ́. Tẹ ìpara náà jáde sórí ìka ìfábẹ̀là rẹ, láti ṣóńṣó ìka títí dé oríkèé àkọ́kọ́. Ìyẹn tó bí ìdajì gíráàmù, ó sì tó láti pa ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tòun ti ìka. Bí ohun tó wà lára rẹ bá tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí o sì ń pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, gíráàmù kan lò ń lò lójúmọ́. Túùbù gíráàmù 30 á bá ọ dé òpin oṣù. Bí tìrẹ bá tán lọ́sẹ̀ kan, ò ń fi ṣòfò ni, tàbí kí ohun náà ti pọ̀ ju èyí tó yẹ kí o máa dá tọ́jú lọ. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 100 láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tọmọdé kéré sí ìyẹn, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Orí ibi tó ní ìpẹ́ nìkan ni o máa pa á sí, rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé. Má pa á sí ojú. Awọ ojú kì í gbà á, ó máa ń ta, á sì pọ́n. Abíyá, abẹ́ ọmú àti àárín itan náà ní awọ tó tẹ́ẹ́rẹ́, béèrè kí o tó dé ibẹ̀. Irú ìpara fítámìnì D mìíràn wà, calcitriol, tó máa ń tu irú awọ bẹ́ẹ̀ lára jù, dókítà lè fi ìyẹn rọ́pò. Lẹ́yìn náà, lọ fọ ọwọ́ rẹ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbàgbé, mo fi ọwọ́ kan ìpéǹpéjú. Ó ta mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bí ibi tí o pa á sí bá ń yún ọ díẹ̀ tàbí tó ń ta ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rù. Ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì máa ń rọlẹ̀. Bí ó bá wú, tó tú, tàbí tó ń gbóná bí ẹni tí iná jó, dá a dúró, kí o sì pe dókítà.

Ibi tó le jù wá kù, òun ni dídúró dè é. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, n kò rí nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo rò pé wọ́n ti gba owó mi jẹ. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé orí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ìpẹ́ ti dínkù kí àwọ̀ rẹ̀ tó yí padà. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni agbára ìpara yìí máa ń hàn dáadáa, nítorí náà fún un ní àyè náà kí o tó dájọ́. Fi fóònù ya àwòrán ibi kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìsinmi kọ̀ọ̀kan. Ojú tó ń wo nǹkan lójoojúmọ́ kì í mọ̀ pé ó ń yí padà, àwòrán á rán ọ létí.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ bá a pàdé

Calcipotriol kò fara mọ́ ásíìdì. Salicylic acid máa ń pa agbára rẹ̀ run. O mọ Whitfield, ìpara tí gbogbo ilé ní fún làpálàpá? Salicylic acid wà nínú rẹ̀. Ó tún wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ojú àti ìpara tó ń mú ara dán. Àwọn ìpara olómi tó ní lactic acid náà lè bà á jẹ́. Ka ara páálí kí o tó pa wọ́n pọ̀. Bí dókítà bá ní kí o lo méjèèjì, béèrè wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní.

Mo sì mọ àwọn ọmọbìnrin wa tó ń po ìpara nínú báàfù, tí wọ́n á da túùbù mẹ́fà pọ̀ mọ́ òróró àti glycerin. Jọ̀wọ́, má gbé calcipotriol fún wọn. Ohun tó bá jáde níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kù nínú rẹ̀.

Sítẹ́rọ́ìdì ńkọ́? Àbúrò mi, sítẹ́rọ́ìdì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ìlòkulò ló sọ ọ́ di ọ̀tá fún mi. Ìpara kan wà tó pa calcipotriol àti betamethasone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, pọ̀ láti ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Dókítà lè fi òun bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4, lẹ́yìn náà calcipotriol nìkan. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó fún ọ á sọ ọjọ́ tí o máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí o máa dúró. Bí o bá sì ti lo sítẹ́rọ́ìdì líle pẹ́, má jù ú nù lójijì lónìí. Gbé túùbù náà lọ fi han dókítà, kó bá ọ já a lọ́mú díẹ̀díẹ̀.

Wo àwọn oògùn tí ò ń gbé mì náà. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti yí oògùn ibà kúrò lórí chloroquine, àmọ́ àwọn kan ṣì ń rà á. Ó lè ru psoriasis sókè. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi propranolol náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Má fúnra rẹ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o! Sọ fún dókítà tó kọ ọ́, òun ló mọ èyí tó lè fi pààrọ̀.

Nínú ilé àti nínú àpótí aṣọ

Bí o bá ní ajá, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé ní Omole ṣe ní, fi túùbù náà sí ibi tí ẹnu rẹ̀ kò lè tó, má sì jẹ́ kó lá ibi tí o pa á sí. Ìpara yìí májèlé ni fún ajá, túùbù kan tó bá họ jẹ lè pa á. Má fi sí àrọ́wọ́tó ọmọdé náà.

Ooru Èkó máa ń ba ìpara jẹ́. Ara páálí tèmi sọ pé kó má kọjá ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n ooru. Má gbé e sójú fèrèsé, má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò nígbà tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá mú ọ ní Berger. Ibi tó tutù jù nínú yàrá, inú òkùnkùn, ni kó wà, kì í ṣe inú fírísà.

Ìpara tó ní ọ̀rá, títí kan òrí, máa ń rin aṣọ. Aṣọ tó bá ti rin tètè máa ń gbiná. Bọ́ aṣọ àwọ̀sùn tí o fi pa ìpara kí o tó lọ dúró nídìí gáàsì.

Fún òde, wá ṣimí òwú wọ sábẹ́ léèsì, nítorí léèsì máa ń ha ìgbọ̀nwọ́. Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í fi ìpẹ́ hàn bíi dúdú. Fún irun, sọ fún onídìrí rẹ pé kó má fa irun le, kó má sì fi òòyà ha ìpẹ́ kúrò. Fi òróró àgbọn rẹ orí rẹ mọ́jú, fọ̀ ọ́ láàárọ̀, kí o wá fi calcipotriol olómi tó wà fún orí tẹ̀lé e.

Bí ìpẹ́ bá lọ tán, ojú ibẹ̀ lè dúdú tàbí kó funfun díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àpá ni, kì í ṣe àìsàn, àwọ̀ ara rẹ á padà. Má fi ìpara tó ń bó ara lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yétúndé Olúmìdé, dókítà awọ ara tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwòsàn LUTH, ti kọ ìwé ńlá lórí ohun tí bíbóra ń ṣe sí awọ àwa obìnrin Áfíríkà. Awọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi kò tún nílò ogun mìíràn.

Ní ti ọkọ rẹ, èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún tèmi. Mo gbé e dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ pé kì í ràn. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá mi pa ti ẹ̀yìn tí ọwọ́ mi kò tó.

Ìgbà tí ìpara nìkan kò tó

Ìpara wà fún psoriasis tó mọ níwọ̀n. Bí oríkèé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ bá ń dùn ọ́, tó ń wú, tàbí tó ń le gan láàárọ̀, tètè lọ. Psoriasis máa ń wọ oríkèé àwọn kan, ó sì lè sọ wọ́n di arọ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Èékánná tó ń ní ihò kéékèèké bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un jẹ́ àmì kan. Bí gbogbo ara bá pọ́n tó ń bó, tàbí tí ìléròrò ọlọ́yún bò ọ́ pẹ̀lú ibà, ọjọ́ náà gan-an ni kí o wọ ilé ìwòsàn. Bí o bá lóyún tàbí tí ò ń fún ọmọ lọ́mú, sọ fún dókítà ṣáájú, má sì pa á sórí ọmú. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ọ́ láìdábọ̀, tí ò ń tọ̀ léraléra, tí èébì ń gbé ọ, tí ìgbẹ́ kò yọ, jẹ́ kí wọ́n yẹ kálísíọ̀mù rẹ wò.

Ibi tí o ti máa rà á

Agbègbè tí wọ́n ti ń po oògùn ni à ń gbé. May & Baker tó dé Nàìjíríà ní 1944 ní ọ́fíìsì ní Ikeja, Swipha ń po oògùn ní ojú ọ̀nà Dopemu. Síbẹ̀ orí tábìlì ẹ̀gbẹ́ títì ni a ṣì ti ń ra ohun tí a ń pa sára. Ilé ìwòsàn LASUTH kò jìnnà sí wa, ó wà ní Oba Akinjobi Way ní Ikeja, LUTH sì wà ní Idi-Araba fún ẹni tó bá gba ọ̀nà ibẹ̀. Béèrè fún ẹ̀ka awọ ara.

Kì í ṣe gbogbo fáámásì ló ń ta calcipotriol. Ya àwòrán ìwé tí dókítà kọ fún ọ, fi ránṣẹ́ sí fáámásì mẹ́ta, kí o fi iye wọn wé ara wọn kí o tó wọ mọ́tò. Wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn, lára páálí, wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀ ni máíkírógíráàmù 50 nínú gíráàmù kan. Bí owó rẹ kò bá ká a lóṣù kan, sọ fún dókítà. Má lọ sọ túùbù kan di ti oṣù mẹ́ta, má sì tìtorí ìtìjú parẹ́.

Tú gèlè rẹ, àbúrò mi. Èmi nìkan ni mo wà níbí. Yọ túùbù tó wà nínú báàgì rẹ yẹn, fi í sínú ọ̀rá, a jọ máa gbé e lọ fi han dókítà lọ́jọ́ Ajé. Aago méje àárọ̀ ni kí o wá pè mí lẹ́nu géètì, màá ti múra sílẹ̀.